Láti Orí Àga Adájọ́: Eré Kóòtù Jàpáànì àti Àwa Ará Etíkun Àgbádárìgì

Iṣẹ́ tí ẹ̀yin ará etíkun Àgbádárìgì gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí eré amóhùnmáwòrán kan láti ilẹ̀ Jàpáànì, èyí tó fi adájọ́ ṣe olórí eré, kí n sì sọ ohun tó kàn wá nínú rẹ̀. Mo gba iṣẹ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń dájọ́ ti ń gbé mi lọ́kàn ọjọ́ ti pẹ́.

Ichikei no Karasu ni wọ́n pe eré náà. Fuji Television ló gbé e jáde ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ọdún 2021, ìpín 11. Inú ìwé ìtàn alá​wòrán tí Asami Rito ṣe ni wọ́n ti mú un, nígbà tó sì di 2023 wọ́n sọ ọ́ di sinimá. Ẹ̀ka ilé-ẹjọ́ Tokyo kan ni ìtàn náà ti ń ṣẹlẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn. Takenouchi Yutaka ló ṣe Iruma Michio, adájọ́ onírùngbọ̀n tó ti ṣe agbẹjọ́rò rí, tí kò sì bìkítà fún ipò. Kuroki Haru ló ṣe Sakama Chizuru, ọ̀dọ́mọbìnrin adájọ́ tí orí rẹ̀ pé, tó fẹ́ kí ẹjọ́ tètè máa parí kí èyí tó wà nílẹ̀ má baà ga jù. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ ara wọn yé níbẹ̀rẹ̀. Sakama ń ka iye ẹjọ́ tó kù. Iruma ń béèrè ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó yẹ kí wọ́n béèrè.

Nínú ọ̀pọ̀ eré kóòtù tí a ti wò, yálà ti Amẹ́ríkà ni tàbí tiwa, ẹ̀yìn agbẹjọ́rò ni wọ́n máa ń gbé kámẹ́rà sí. A ó bá a dé ọ́fíìsì rẹ̀. A ó ti mọ̀ pé oníbàárà rẹ̀ kò jẹ̀bi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, a ó wá máa wò ó bí yóò ṣe borí. Adájọ́ á jókòó sókè nínú gáùnù dúdú, á ní kí wọ́n dákẹ́, á sún ẹjọ́ síwájú, á ka ìdájọ́, ó parí. A kì í bá a délé. A kì í mọ̀ bóyá ó rí oorun sùn lóru ọjọ́ tó rán èèyàn lẹ́wọ̀n. Ichikei no Karasu gbé kámẹ́rà kúrò níbẹ̀, ó gbé e sórí àga adájọ́ fúnra rẹ̀. Tí o bá jókòó síbẹ̀, gbogbo ojú ló ń wò ọ́. Olùpẹjọ́ ń rò, olùjẹ́jọ́ ń sẹ́, ẹlẹ́rìí ń sunkún, ìwọ kò sì mọ ẹni tó ń parọ́ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ìwọ ni wọ́n ń dúró dè. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò jù báyìí lọ: ẹrù ni ìdájọ́, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló sì ń rù ú. Eré tó ń jẹ́ kí òǹwòran ti èjìká bọ abẹ́ ẹrù náà ṣọ̀wọ́n. A nílò irú rẹ̀ ní etíkun yìí.

Ohun tí Iruma fi gbajúmọ̀ láàárín àwọn òǹwòran ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, á dá ìgbẹ́jọ́ dúró, á kéde pé òun fẹ́ lo agbára tí òfin fún ilé-ẹjọ́, á sì kó agbẹjọ́rò, olùpẹjọ́ àti akọ̀wé kóòtù lẹ́yìn lọ síbi tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀. Á wọn ojú ọ̀nà, á gun àtẹ̀gùn, á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ládùúgbò. Òfin Jàpáànì gba ilé-ẹjọ́ láyè láti ṣe àyẹ̀wò fúnra rẹ̀, àmọ́ adájọ́ tí yóò máa ṣe é lemọ́lemọ́ báyìí, inú eré nìkan la ti lè rí i. Èmi kò rí èyí bí àbùkù. Òǹkọ̀wé ń fi ìrìn ẹsẹ̀ ṣàfihàn ohun tó ń lọ nínú orí adájọ́, nítorí orí tó ń ronú kò ṣeé yà ní fídíò.

Kí ẹ tó lè mọ bí ohun tí eré náà ń ṣe ti lágbára tó, ẹ ní láti mọ̀ pé ní Jàpáànì, nínú 100 ẹni tí ìjọba bá gbé lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn ọ̀daràn, ó lé ní 99 tí wọ́n ń dá lẹ́bi. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba níbẹ̀ kì í gbé ẹjọ́ tí kò dá wọn lójú wá, èyí sì dára lọ́nà kan. Lọ́nà kejì, adájọ́ tó ti lo ogún ọdún láì dá ẹnikẹ́ni láre lè gbàgbé pé iṣẹ́ òun ni láti ṣiyèméjì. Láti oṣù karùn-ún 2009 ni wọ́n ti ń mú ará ìlú 6 jókòó pẹ̀lú adájọ́ 3 nínú àwọn ẹjọ́ tó wúwo jù, kí ojú tuntun lè wà níbẹ̀. Iruma ni adájọ́ tó kọ̀ kí ojú òun di ojú àtijọ́.

Àmọ́ eré kọ́ ló kọ́kọ́ la ojú mi sí ẹrù yìí. Ìtàn tòótọ́ kan láti Jàpáànì kan náà ni.

Ní 1966, wọ́n pa ẹni mẹ́rin nínú ìdílé kan ní Shimizu, lágbègbè Shizuoka, wọ́n sì dáná sun ilé wọn. Ọlọ́pàá mú Hakamada Iwao, akànṣẹ́ tẹ́lẹ̀rí tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ tí baálé ilé náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n fi ìbéèrè dá a lágara ní àtìmọ́lé lọ́jọ́ púpọ̀ títí ó fi jẹ́wọ́. Nígbà tó dé kóòtù, ó ní wọ́n fipá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu òun ni. Adájọ́ mẹ́ta ló gbọ́ ẹjọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn, Kumamoto Norimichi, kò gbà pé ọkùnrin náà ló ṣe é. Wọ́n dìbò láàárín ara wọn, méjì borí ẹnì kan. Òun Kumamoto yìí náà ni iṣẹ́ kíkọ ìdájọ́ bọ́ sí lọ́wọ́. Ní 1968, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé tó rán ẹni tó gbà pé kò jẹ̀bi lọ síbi ikú.

Ó fi iṣẹ́ adájọ́ sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Òfin kò gbà kí adájọ́ sọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ ní ìkọ̀kọ̀, nítorí náà ó pa á mọ́ra fún nǹkan bí ogójì ọdún. Ní 2007, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó jáde, ó sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Ní 2014 wọ́n tú Hakamada sílẹ̀ kí wọ́n lè tún ẹjọ́ náà gbọ́. Kumamoto kú ní 2020. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, kóòtù Shizuoka kan náà dá Hakamada láre, wọ́n sì sọ pé ayédèrú ẹ̀rí wà nínú ohun tí wọ́n fi dá a lẹ́bi. Ó ti di ẹni ọdún 88 nígbà náà. Kumamoto kò sí láyé láti gbọ́ ọ.

Ẹ wò ó, àwọn kan lè sọ pé Kumamoto ì bá ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú kó tó kọ ìdájọ́. Ó ṣeé ṣe. Mi ò wá síbí láti dá a láre. Ohun tó kọ lù mí ni pé gbogbo eré tí wọ́n bá ṣe lórí ẹjọ́ yẹn láti ojú agbẹjọ́rò tàbí láti ojú ẹlẹ́wọ̀n yóò jẹ́ òótọ́, yóò sì dùn wá, ṣùgbọ́n yàrá tí adájọ́ mẹ́ta jókòó sí, tí ọwọ́ méjì gbé sókè tí ọ̀kan wà nílẹ̀, kò ní sí nínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an sì ni nǹkan ti bàjẹ́.

Kí n wá bọ̀ sílé. Ìlú yìí náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ tí ayé kà nínú ìwé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1827, Richard Lander, ọmọ Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Àgbádárìgì láti Sókótó. Ọ̀gá rẹ̀, Hugh Clapperton, tí wọ́n jọ gúnlẹ̀ sí etíkun yìí ní ìparí 1825, ti kú sí Sókótó ní oṣù kẹrin. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá wà ni, ó rẹ̀ ẹ́, ọ̀nà jíjìn ló sì ti rìn. Adélé, ọba tí wọ́n ti lé kúrò lórí ìtẹ́ Èkó, ló ń ṣàkóso níbí lákòókò yẹn. Àwọn Pọtogí tó ń ra ẹrú wà ní ìlú, wọn kò sì fẹ́ kí Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kankan máa wo ohun tí wọ́n ń ṣe, nítorí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń dí òwò ẹrú lọ́wọ́ lójú òkun. Wọ́n tọ ọba àti àwọn ìjòyè lọ, wọ́n ní amí ni Lander, pé bí wọ́n bá jẹ́ kó lọ, yóò kó ogun wá.

Wọ́n pe Lander lọ sí ojúbọ. Èrò yí i ká pẹ̀lú ohun ìjà. Wọ́n gbé igbá omi kan fún un, omi tí wọ́n fi èèpo igi olóró ṣe. Bó bá jẹ́ ẹni ibi, omi náà yóò pa á. Bí kò bá jẹ́ ẹni ibi, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ó gbé e mu tán níṣojú gbogbo wọn, ó la àárín èrò kọjá, ó dé ilé, ó wá nǹkan mu tó mú un bì í jáde. Ó yè. Láti ọjọ́ náà ni ìwà àwọn ènìyàn sí i ti yí padà, torí omi ti dá a láre. Ní 1830 ó tún padà gba etíkun yìí wọlé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ John, ìrìnàjò tí wọ́n fi mọ ibi tí odò Ọya ti wọ òkun.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí láti fi àwọn baba wa ṣẹ̀sín. Èmi kò sí lára wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń fi omi àti irin gbígbóná dán olùjẹ́jọ́ wò títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá, tí àwọn àlùfáà wọn fi kọ̀ láti lọ́wọ́ sí i mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni ẹni tí kò sí ní ojúbọ ọjọ́ náà. Kò sí adájọ́. Ẹnikẹ́ni kò yíjú sí àwọn Pọtogí pé, "Kí lẹ rí? Kí ni ẹ óò jèrè bí ọkùnrin yìí bá kú?" Ìbéèrè méjì péré ì bá ti tú àṣírí ẹjọ́ náà, nítorí owó ẹrú ló wà ní ìdí rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá béèrè ìbéèrè ní láti fara mọ́ ìdáhùn, yóò sì dájọ́, bí ó bá sì ṣì í dá, ọrùn tirẹ̀ ni yóò wà. Wọ́n gbé ẹrù náà fún omi, gbogbo wọn sì lọ sílé láìru nǹkan kan.

Irú omi yẹn ṣì wà láàárín wa. Ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìkòríta ọjà nígbà tí ẹnì kan bá pariwo "Olè!" Táyà á ti dé kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé kí ló sọnù. Lónìí, fídíò ìṣẹ́jú kan lórí WhatsApp ti tó fún ẹgbẹ̀rún èèyàn láti dá ẹni tí wọn kò rí rí lẹ́bi. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. A mọ òwe náà lórí. Ó yẹ ká tún rí i lójú, ká rí i bí ó ti ń rẹ èèyàn tó láti dúró gbọ́ ẹnu ẹnì kejì nígbà tí ẹnu ẹnì kìn-ín-ní ti dùn létí wa.

Ṣé àjèjì ni irú eré bẹ́ẹ̀ sí wa? Rárá o. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà níjòókòó yìí, ẹ ó rántí Kóòtù Aṣípa.

Ìbàdàn ni iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959. Orí amóhùnmáwòrán Ìbàdàn yìí, lẹ́yìn tó ti di NTA, ni Olóyè Oyin Adéjọbí àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ láti Òṣogbo ti ń ṣe Kóòtù Aṣípa lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n pe olùpẹjọ́, wọ́n pe olùjẹ́jọ́, ẹjọ́ inú ilé àti ti àdúgbò sì ń wá síwájú wọn. Kò sí wíìgì, kò sí òfin tí wọ́n ń ka nọ́ńbà rẹ̀. Ìbéèrè ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó wò ó nílé, apá ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ló jókòó sí. Bí olùpẹjọ́ bá ti rojọ́ tán, inú á ti bí òǹwòran sí olùjẹ́jọ́, á ti máa bú u nínú ilé. Nígbà tí olùjẹ́jọ́ bá wá la ẹnu, òǹwòran á rí i pé ìbínú òun ti yá jù. Ọdún púpọ̀ ṣáájú Ichikei no Karasu ni àwọn ènìyàn wa ti ṣe èyí, ní èdè wa, pẹ̀lú owó kékeré.

Olóyè Adéjọbí tó dá Kóòtù Aṣípa sílẹ̀ yìí, òun náà ló ṣe Orogún Adédigba, tó mú jáde nínú ìgbésí ayé ara rẹ̀. Inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Kareem Adépọ̀jù tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Wándé ti wá, ẹni tí a tún rí nínú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ní 1993, níbi tí tita ilẹ̀ àwọn baba ńlá ti dá wàhálà sílẹ̀. Karin Barber, ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, bá ẹgbẹ́ náà rìn, ó sì kọ ìwé ńlá lé wọn lórí ní 2000, The Generation of Plays. Ìwé wà, àmọ́ mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ eré tó wà níwájú mi yìí ló ti rí ìpín Kóòtù Aṣípa kan rí? Ó ń dùn mí. A jẹ́ kí ẹ̀kọ́ tó wà lọ́wọ́ wa bọ́ sílẹ̀, a wá ń wo Jàpáànì kí a tó rántí.

Eré agbẹjọ́rò ti wá pọ̀ láàárín wa. Castle & Castle tí EbonyLife gbé jáde ní 2018 dára, tọkọtaya agbẹjọ́rò ló dá lé lórí, mo sì gbádùn rẹ̀. Adájọ́ nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ṣì wà lókè níbẹ̀, kò lórúkọ tí à ń rántí.

Bẹ́ẹ̀ ìtàn adájọ́ ò wọ́n wa. Ní 1963, Adájọ́ Sodeinde Ṣówẹ̀mímọ̀ dá Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́bi ìdìtẹ̀ sí ìjọba, ó rán an lẹ́wọ̀n ọdún 10. Ohun tí àwọn ènìyàn kò gbàgbé títí dòní ni ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu adájọ́ náà lọ́jọ́ yẹn, pé wọ́n ti so òun lọ́wọ́. Wọ́n ti fi gbólóhùn yẹn dá a lẹ́jọ́ fún ọgọ́ta ọdún. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí èmi ń rò níbẹ̀. Kí ni ọkùnrin náà sọ fún ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú? Ta ló bá jẹun? Kí ló kọ, tó tún pa rẹ́? Ọkùnrin yìí ló wá di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ní 1983. Bí a bá ṣe eré yìí láti orí àga rẹ̀, a ò ní láti dá a láre, a ó túbọ̀ mọ bí ọwọ́ ènìyàn ṣe ń di èyí tí wọ́n so.

Ọdún méjì lẹ́yìn ẹjọ́ Awólọ́wọ̀, ní 1965, wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká wá sí kóòtù n'Íbàdàn, wọ́n ní òun ló fi ìbọn gba ilé iṣẹ́ rédíò láti fi téèpù tirẹ̀ dípò ọ̀rọ̀ Olóyè Akíntọ́lá, olórí ìjọba ẹkùn. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ ló gbọ́ ọ. Ìlú ń jóná nígbà náà. Gbogbo ẹni tó wà ní kóòtù ló mọ ohun tí ìjọba ń fẹ́. Adájọ́ yẹ ẹ̀rí wò, ó rí i pé ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí sọ kò bára mu, ó sì dá Ṣóyínká sílẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kọ ìwé lórí ìgbésí ayé rẹ̀, ó sì pè é ní The Mystery Gunman, ní 1996. Ìwé bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn adájọ́ wa. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ohun tí wọ́n mọ̀ lọ sí ibojì, nítorí iṣẹ́ wọn kọ́ wọn láti dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo máa ń wò nígbà tí mo bá jókòó ní ẹ̀yìn kóòtù. Ọwọ́ adájọ́ ni mo máa ń wò. Ní ọ̀pọ̀ kóòtù wa, adájọ́ fúnra rẹ̀ ló ń fi bírò kọ gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ fi ń wo bírò adájọ́ kó tó béèrè ìbéèrè tó kàn. Ẹlẹ́rìí á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á dákẹ́ kí adájọ́ lè kọ ọ́ tán. Nínú ìdákẹ́ yẹn ni irọ́ ti máa ń rí àyè tún ara rẹ̀ ṣe, ibẹ̀ náà sì ni ẹlẹ́rìí òtítọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Olùdarí eré wo ló ti ya èyí rí? Ohun èlò eré tó lágbára ju òòlù tí wọ́n ń fi lu tábìlì nínú sinimá lọ ni.

Nǹkan mìíràn wà tó jẹ́ ti Àgbádárìgì gan-an. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kóòtù gíga fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, ẹ̀yin Ògù, tí Yorùbá ń pè ní Ègùn, èdè Ògù lẹ ń fi ń rojọ́ nínú ilé. Àwọn Yorùbá ń sọ tiwọn, àwọn oníṣòwò tó gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé láti Kútọnu ń sọ Faransé àti Ògù pọ̀, àwọn apẹja láti Tógò àti Gánà ń sọ Ewé. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 ní ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ ro adájọ́ tó wá láti Ìkẹjà. Ìyá àgbà kan ń sọ̀rọ̀ Ògù fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ń na ọwọ́ sí òkun, ó pa òwe, èrò kóòtù rẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ wá yíjú padà, ó ní: "Ó ní òun kò mọ̀, Olúwa mi." Kí ni adájọ́ yóò kọ sílẹ̀? Ó rí i pé ohun kan bọ́ sọnù. Bí ó bá béèrè jù, wọ́n á ní ó ti ń bá ẹnì kan ṣẹjọ́, nítorí òfin wa kò fẹ́ kí adájọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá jà nínú ìjà tó ń là. Bí kò bá béèrè, ẹ̀rí tó lè yanjú ẹjọ́ ti wọ́ lọ.

Ibí ni adájọ́ wa ti yàtọ̀ sí Iruma, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe eré yìí mọ̀ ọ́n. Kò lè máa káàkiri wá ẹ̀rí bí ọlọ́pàá. Àmọ́ òfin ẹ̀rí wa gbà á láyè láti lọ fojú rí ibi tí àríyànjiyàn wà, pẹ̀lú àwọn olùpẹjọ́, olùjẹ́jọ́ àti agbẹjọ́rò wọn, pàápàá nínú ẹjọ́ ilẹ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ sì ni ẹjọ́ etíkun yìí. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ èbúté ńlá àti ọ̀nà márosẹ̀ ti gba ẹnu ìlú, ilẹ̀ tí àwọn baba wa fi gbin àgbọn ti di ohun tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń tìtorí rẹ̀ pàdé ní kóòtù.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí n kọ ìpín àkọ́kọ́, bó ṣe máa lọ nìyí. Ìdílé méjì ń jà lórí ilẹ̀ kan láàárín ọ̀sà àti òkun. Ìdílé kìn-ín-ní ní àgbọn mẹ́ta ni ààlà. Ìdílé kejì ní irọ́ ni, pé àwọn ló gbin gbogbo àgbọn tó wà níbẹ̀. Ìwé àdéhùn àtijọ́ kan wà tó mẹ́nu kan àwọn àgbọn náà. Adájọ́, obìnrin tó lé ní àádọ́ta ọdún, pinnu pé kí gbogbo wọn lọ wò ó. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wíìgì wà nínú àpò, akọ̀wé kóòtù gbé ìwé dání. Wọ́n débẹ̀, wọ́n rí i pé òkun ti jẹ ilẹ̀ náà wọnú. Àgbọn kan ṣoṣo ló kù, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti yọ síta. Àwọn méjèèjì na ìka sínú omi, wọ́n sì fi ìdánilójú kan náà búra. Nígbà tí ìgbẹ́jọ́ bá parí, òfin ìpìlẹ̀ fún adájọ́ ní ọjọ́ 90 péré láti ìgbà tí àwọn agbẹjọ́rò bá ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọn. Inú ọjọ́ 90 yẹn ni eré gidi wà: bírò, ìwé tó ti kún, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà tí ògbufọ̀ gé kúrú, ẹjọ́ ogójì mìíràn tó ń dúró, ọkọ tó ń béèrè ìgbà tó máa wá sùn. Mi ò fẹ́ kí áńgẹ́lì tàbí àlá wá fi òtítọ́ hàn án. Kó dájọ́ pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí àwa náà tí a wò ó máa bá ara wa jiyàn lọ́jọ́ kejì bóyá ó dá a re.

Mo fẹ́ kí Zangbeto náà ní ìpín tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ ìlú lóru ni, ìgbà mìíràn sì wà tí ẹni tí wọ́n mú lóru yóò di olùjẹ́jọ́ níwájú adájọ́ lọ́sàn-án. Ọ̀nà méjì láti wá òtítọ́ ló pàdé níbẹ̀, kò sì yẹ kí òǹkọ̀wé fi èyíkéyìí ṣe yẹ̀yẹ́.

Èyí tó kù dọwọ́ wa. Lagos Television tí ìjọba Lateef Jákàǹdè dá sílẹ̀ ní 1980 jẹ́ ti gbogbo ará ìpínlẹ̀ yìí, ìlú Àgbádárìgì sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ààyè ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ fún àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé ní ọjọ́ kan lóṣù, kí ẹ sọ fún wọn bí ó ti ń rí nínú yàrá yín lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti lọ. Ẹ fi orúkọ àti ẹjọ́ pamọ́, ẹ sọ ìyókù. Ẹ̀yin ògbufọ̀ kóòtù, ẹ wá, torí láìsí yín eré náà kò lè dúró. Kí wọ́n ṣe é ní Ògù àti Yorùbá, kí a kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́. Kí àwọn tó ní ìpín Kóòtù Aṣípa èyíkéyìí nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ téèpù tó ti hu, mú un wá kí a fi kọ̀ǹpútà gbà á sílẹ̀. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ yín ti gba orúkọ ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ̀wé, mo sì ti sọ fún un pé kó fi tèmi kún àwọn tí yóò máa bá wọn jókòó ṣàtúnṣe rẹ̀.